Owó ọkọ̀ tí mo san fún àwọn tó ń ṣèwádìí, àti ohun tí wọ́n fi bi mí ní kóòtù

Ẹnì kan sọ fún wa lánàá pé alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn kó owó sá, pé wọ́n ti kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n ti mú ọkùnrin náà, ó ti gba béèlì, ó wá ku ẹlẹ́rìí kan ní Kánò tí wọ́n fẹ́ lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ẹni tí fáìlì wọn wà lọ́wọ́ ẹ̀ wá ní kí wọ́n mú owó ọkọ̀ òfuurufú àti òtẹ́ẹ̀lì èèyàn méjì wá, ó wá ń bi wá pé ṣé ìjọba kì í fún àwọn èèyàn wọ̀nyí lówó ni. Àbúrò, mo rí àwọn tó dá ẹ lóhùn pé "ẹ sáà san án, bó ṣe máa ń rí nìyẹn". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi ná, torí èmi san án.

Akápò ẹgbẹ́ wa ni mí n'Íbàdàn. Ní 2014 a kó owó fún ọkùnrin kan tó ní òun ń ra ilẹ̀ l'Éékòó, òun á gé e sí púlọ́ọ̀tì, òun á tà á, èrè á máa wọlé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èrè àkọ́kọ́ wọlé, ìkejì wọlé, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n, owó wa ló ń bù fún wa padà. Nígbà tó di ìkẹta, fóònù ò lọ mọ́. Mílíọ̀nù 38 náírà. Àwọn tó ni ín, tíṣà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ìyá kan wà níbẹ̀ tó fi 600,000 sí i, ohun tó ṣẹ́ kù nínú owó ọkọ ẹ̀ tó kú nìyẹn. Ìyá yìí á wá jókòó síwájú ilé mi láàárọ̀ Sátidé, kò ní bú mi, kò ní sunkún, á kàn jókòó títí oòrùn á fi mú, á wá dìde á máa lọ.

Ní 2015 la kọ ìwé ẹ̀sùn. Ibi tá a kọ ọ́ sí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọmọkùnrin tí wọ́n fún ní fáìlì wa, ká má purọ́ mọ́ ọn, ọmọ dáadáa ni, kò béèrè rìbá lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ẹ̀, fáìlì mọ́kànlá ló wà lórí tábìlì, ó fi apá fáànù tó ti kán tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má fẹ́ wọn lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, kò sí tóónà nínú ẹ̀, ó ní ó ti tó oṣù mẹ́ta. Fóònù ara ẹ̀ ló fi ń ya fọ́tò àwọn risíìtì wa lọ́kọ̀ọ̀kan, dátà tara ẹ̀ ló fi ń fi wọ́n ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ilé yẹn dára o! Táìsì ń dán bíi dígí, jẹnẹrétọ̀ ńlá wà lẹ́yìn, dísẹ́ẹ̀lì ni ò sí nínú ẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè yín wà nínú ọ́fíìsì yẹn. Ìjọba ń fún wọn lówó. Bọ́jẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń pín in sí, owó oṣù òṣìṣẹ́, owó ilé kíkọ́ àti mọ́tò rírà tí wọ́n ń pè ní capital, àti overhead tó jẹ́ owó ìnáwó ojoojúmọ́. Owó oṣù á wọlé, torí tí kò bá wọlé ariwo á ta. Ilé á dúró, torí ilé ni ọ̀gá lè mú àlùmọ́gàjí wá ṣí lójú kámẹ́rà. Overhead ló ni epo, tóónà, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ ẹlẹ́rìí, owó oníṣirò tó máa dúró níwájú adájọ́ ṣàlàyé bí owó ṣe fò láti àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé, òun ló sì máa ń jáde kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lẹjọ́. Ẹ wò ó, mímú olè ò wọ́n. Mọ́tò kan, èèyàn mẹ́rin, ìròyìn alẹ́ ti gbé e. Kí ẹ tó wá fi yé adájọ́ pé olè ni, ibẹ̀ lowó wà, kì í sì í ṣe ohun téèyàn lè yà ní fọ́tò.

Ẹlẹ́rìí tiwa, òṣìṣẹ́ báǹkì tó ṣí àkáǹtì fún ọkùnrin náà, wọ́n ti gbé e lọ sí Port Harcourt. Ọmọkùnrin yẹn ní òun ti kọ ìwé béèrè owó ìrìnàjò, oṣù márùn-ún ni ìwé náà ti wà lórí tábìlì àwọn ọ̀gá. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ pé ṣé ká sáà bá yín san án. Mo fi 186,000 ránṣẹ́ láti àkáǹtì tèmi sí àkáǹtì tiẹ̀, èmi ọlọ́gbọ́n, mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé "transport PH". Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí, inú wa dùn.

Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ mo dúró sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Lọ́yà ọkùnrin náà, àgbàlagbà kan tí gíláàsì ẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú, ó rọra ń bi mí léèrè bí ẹni ń bá àna ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ bi ọmọkùnrin yẹn pé ìwé àṣẹ ìrìnàjò ẹ̀ dà, ó ń kólòlò. Ó wá kàn mí. "Sà, ta ló sanwó ọkọ̀ wọn?" Mo wojú agbẹjọ́rò ìjọba, ó ń wo ìwé tiẹ̀. Mo ti búra, mo ní èmi ni. "Ẹ ṣeun sà." Ó jókòó. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́! Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn ní ìparí ẹjọ́, odindi ojú ìwé mẹ́rin ló kọ lórí 186,000 yẹn, pé àwọn tó ṣèwádìí ti di ọmọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn oníbàárà òun, pé ohun tí akápò fẹ́ gbọ́ ni wọ́n lọ kó wá. Adájọ́ ò da ẹ̀rí náà nù, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní gbára lé e láìjẹ́ pé nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn. Mẹ́ta nínú ẹ̀sùn mọ́kànlá tó wà nílẹ̀ ló rọ̀ mọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ.

Èyí tó dùn mí jù: iléeṣẹ́ tá a kọ ìwé ẹ̀sùn sí ní ẹ̀ka ní Port Harcourt. Ó wà níbẹ̀ látìgbà yẹn. Mi ò béèrè, wọn ò sì sọ. Ẹ̀ka ibẹ̀ lè ránṣẹ́ pe ọkùnrin báǹkì yẹn láàárọ̀, kó ti sọ tẹnu ẹ̀ kó tó di ọ̀sán, owó ọkọ̀ ò ní í jù ti kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ.

Nǹkan mìíràn tó jẹ ọdún wa, sítétímẹ́ǹtì báǹkì. Òfin ẹ̀rí ti 2011, ẹsẹ 84, ìwé tí kọ̀ǹpútà bá tẹ̀ jáde, sẹtifíkéètì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e tó máa sọ pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò yẹn. Tiwa ò ní. Lọ́yà àgbàlagbà yẹn dìde, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú oṣù mẹ́rin nítorí ìwé kan ṣoṣo. Agbẹjọ́rò ìjọba ò ya òmùgọ̀ o, ẹjọ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ tó fi jẹ́ pé inú mọ́tò ló ti ń ka fáìlì wa láàárọ̀ ọjọ́ kóòtù, apá kejì sì ní lọ́yà mẹ́fà.

Kó tó di pé wọ́n sọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn yẹn, nígbà tá a rò pé a ti fẹ́ parí, ní 2018, wọ́n gbé adájọ́ wa ga, ó lọ, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ látòkè. De novo ni wọ́n ń pè é, ẹ máa gbọ́ orúkọ ẹ̀. Ẹ má rò pé torí a jẹ́ mẹ̀kúnnù ni. Ẹjọ́ Orji Kalu tó ṣe gómìnà Abia, 2007 ló bẹ̀rẹ̀, December 2019 ni wọ́n ní ó jẹ̀bi, nígbà tó di May 2020 Supreme Court fagi lé e, pé adájọ́ tó parí ẹ̀ ti di adájọ́ Court of Appeal kó tó dá a, kò láṣẹ láti padà wá jókòó sí kóòtù ìsàlẹ̀. Ọdún méjìlá owó ìjọba, ẹlẹ́rìí, lọ́yà, ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ wọmi. Kò sí ẹni tó kọ ìyẹn sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kankan, iye tí àtúnbẹ̀rẹ̀ ń jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ní ká gbé e wá sí London, mo rẹ́rìn-ín, mílíọ̀nù 38 náírà, ta ló máa dá wa lóhùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan tó ń wò. Ibori tó ti ṣe gómìnà Delta, December 2009, kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Asaba da gbogbo ẹ̀sùn 170 tí wọ́n fi kàn án nù. February 2012, Southwark Crown Court ní London, ọkùnrin kan náà fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi, nígbà tó di April wọ́n fún un lọ́dún 13. Ohun tó yàtọ̀ pọ̀, mi ò ní purọ́ pé owó nìkan ni, ṣùgbọ́n láti 2006 ni iléeṣẹ́ ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè tiwọn nígbà náà, DFID, ti ń sanwó fún ẹ̀ka ọlọ́pàá kan tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa tọpa owó táwọn olóṣèlú ilẹ̀ mìíràn kó wá sọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó ń san án ò sí nínú ẹjọ́, kò sì sí lọ́yà tó lè bi wọ́n pé ta ló sanwó ọkọ̀ yín. Ní March 2021 wọ́n gbà láti dá mílíọ̀nù 4.2 pọ́n-ùn padà fún wa, pé kí wọ́n pín in sára afárá Niger kejì, ọ̀nà Abuja sí Kano, àti ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọ̀nà tí mò ń gbà lọ kóòtù nìyẹn! Ọ̀nà tí họ́ọ̀dọ́ọ̀pù Kara ti jẹ́ n pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì ní 2019, tí wọ́n pe orúkọ mi tí mi ò sí níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé ọ̀run ni London. Serious Fraud Office tiwọn, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí jìbìtì ńlá, láti 1988 ló ti ń ṣiṣẹ́, owó ọdọọdún wà fún un, tí ẹjọ́ kan bá wá tóbi jù, wọ́n á lọ béèrè àfikún ní Treasury, iléeṣẹ́ ìṣúná wọn, blockbuster ni wọ́n ń pè é. Ní 2018 wọ́n fi kún owó ọdọọdún náà, wọ́n ní ẹjọ́ tó bá ju mílíọ̀nù 2.5 pọ́n-ùn lọ nìkan ni kí wọ́n tún máa wá tọrọ fún. Owó ìtanràn ńlá tí wọ́n bá gbà, àpò ìjọba ló ń lọ. Glencore, iléeṣẹ́ tó ń ra epo tó ń tà á, November 2022, ohun tí wọ́n ní kó san lé ní mílíọ̀nù 280 pọ́n-ùn, Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ti fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ra epo, ìjọba wa ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu òun lórí owó gbà-mábìínú, adájọ́ ní rárá. 

Tiwa náà ò yàtọ̀. Láti 2022 òfin Proceeds of Crime ti wà, owó tí ìjọba bá gbẹ́sẹ̀ lé, àkáǹtì pàtàkì kan ní CBN ló ń lọ, àjọ tó gbà á kọ́ ló ń ná an. Ní 2024, bílíọ̀nù 50 náírà nínú owó tí EFCC gbà padà ló lọ sí ètò owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí àjọ máa yọ ìdá díẹ̀ lára ohun tó bá gbà kó lè rówó ṣiṣẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é, ẹni tó ní ilé ńlá n'Íkòyí nìkan ni wọ́n á máa lé, ta ló máa wo fáìlì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ́, àwa tá à ń rí ohun tí ọlọ́pàá ń ṣe lójú títì kò yẹ kẹ́nì kankan tún ṣàlàyé fún wa.

Ohun tí mo fi ń sọ ìyẹn fún yín ni pé owó yín ò ní rìn fúnra ẹ̀ wá bá yín tí wọ́n bá dá a lẹ́bi. Kí agbẹjọ́rò ìjọba béèrè fún restitution, ìyẹn àṣẹ pé kó dá owó padà, lórúkọ ẹgbẹ́ yín, kó wà nínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ èèyàn kọ̀ọ̀kan àti iye. Tiwa parí ní 2023, ó jẹ̀bi ẹ̀sùn márùn-ún, ó gba ọdún méje, adájọ́ ní kó dá owó padà. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ló tíì wọlé. Ìyá tó ń wá jókòó síwájú ilé mi gba 142,000 nínú 600,000 ẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì níwájú mi, ó ní kí Ọlọ́run bùkún mi, ojú tì mí.

Nítorí náà, Kánò yẹn. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka tó ní fáìlì yín, ẹ má kọ ọ́ sí ọmọkùnrin tó béèrè owó, ẹ má sì fẹjọ́ ẹ̀ sùn nínú ẹ̀ torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun náà ń gbìyànjú ni. Ẹ ní ẹ bẹ̀bẹ̀ kí ẹ̀ka wọn tó wà ní Kánò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí náà. Tó bá wá di pé kó wá sí kóòtù, ACJA 2015, òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn, sọ pé ẹlẹ́rìí ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìnáwó tó bọ́gbọ́n mu, ẹ tọ́ka sí i. Ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu sítáǹpù mọ́ tiyín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì lọ báǹkì báyìí, kí ọdún má tíì gorí ọdún, kẹ́ ẹ gba sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì ẹgbẹ́ yín pẹ̀lú sẹtifíkéètì ẹsẹ 84 yẹn, ti àkáǹtì ọkùnrin náà, àwọn tó ń ṣèwádìí ló máa gbà á.

Tẹ́ ẹ bá ti kọ lẹ́tà náà tán, ẹ jẹ́ n kà á kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ ò ní san nǹkan kan fún mi.