Wọ́n fi mí ṣe alága kọmitì ilé-ìwé: níbo ni agbára wa dé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aláṣọ ni mí ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní sáà tó kọjá, wọ́n yàn mí ní alága SBMC, kọmitì tó ń mójú tó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà ládùúgbò wa. Láti ìgbà náà, ẹnu wa ò kò. Ọ̀gá ilé-ìwé ní iṣẹ́ wa ò ju ká wá owó lọ. Àwọn kan nínú wa ní ká lé tíṣà kan tí kì í wá síṣẹ́ déédéé. Àwọn mìíràn ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹgbẹ̀rún kan náírà wá, ká fi tún òrùlé kíláàsì tí ìjì ṣí lọ ṣe. Ẹnì kan sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú pápá ilé-ìwé, kó máa san owó ilẹ̀ fún wa. Kí ni a lè ṣe, kí ni a ò gbọ́dọ̀ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, mà. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹgbẹ̀rún kan náírà yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè tètè kó yín sí wàhálà. Ẹ má gbà á.

Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2004 sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, títí dé JSS 3. Apá kẹta òfin náà ní ẹni tó bá gba owó lórí ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti rú òfin. Bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, ó lè san owó ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, wọ́n sì lè fi méjèèjì jẹ ẹ́ níyà. Níbi tí òfin náà ti ka àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó dárúkọ ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, kíláàsì, àga òun tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Kíláàsì wà níbẹ̀, mà, kò sì sí kíláàsì tí kò ní òrùlé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ṣebí ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gbowó. Wọ́n ń gbà á lóòótọ́, lórúkọ oríṣiríṣi: owó PTA, owó ìgbálẹ̀, owó bébà ìdánwò. Pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é kò sọ ọ́ di ohun tí òfin fọwọ́ sí. Ohun tó ń dùn mí jù nínú rẹ̀ ni ọmọ tí kò rí owó mú wá. Òun ni wọ́n máa ń dá padà sílé, òun náà ló sì máa ń pẹ́ kó tó padà wá. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ọmọ tí wọ́n ní kó lọ mú owó wá ní ọjọ́ Ajé ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí sáà náà tó parí. Kọmitì tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ọmọ lè wà ní ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń lé e.

Ta wá ni kó tún òrùlé ṣe? Ìjọba ni. Òfin kan náà ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ohun tí kò dín ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sí àpò àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ló ń pín owó yìí fún àwọn ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀ kó tó rí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ gbà. Ọwọ́ SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ni iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti àtúnṣe ńlá wà. Àwọn tó sún mọ́ yín jù ni àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, níbi tí akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ tí gbogbo tíṣà ń pè ní E.S. wà.

Nítorí náà, ìwé ni ẹ ó kọ. Ẹ pe ìpàdé, ẹ fẹnu kò, kí ìwé náà lè jẹ́ ìpinnu kọmitì, kó má di ẹ̀bẹ̀ alága. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìjì jà sínú rẹ̀, iye ọmọ tó ń jókòó ní kíláàsì náà àti ibi tí wọ́n ń jókòó sí báyìí. Ẹ pe káfíńtà ìlú kó wọn òrùlé náà, kó sì kọ iye páànù àti igi tó máa gbà sílẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ so ó mọ́ ìwé. Ẹ mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ E.S., kí ẹ̀dà kan sì lọ sí SUBEB ní Ìbàdàn. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n lè sọ pé àwọn ò rí i rí. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin kan wà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011 tó fún gbogbo ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ló sì fún iléeṣẹ́ náà láti dáhùn. Lábẹ́ òfin yẹn, ẹ lè béèrè bóyá orúkọ ilé-ìwé yín wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti là kalẹ̀ fún ọdún yìí.

Òfin kò ní kí ẹ káwọ́ gbera bí ẹ ṣe ń dúró. Ọrẹ àtinúwá kò léèwọ̀. Ẹ kàn sí àwọn tó jáde ní ilé-ìwé náà, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, ní London tàbí ní Houston. Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ pé ọrẹ ni, tí kì í ṣe owó tipátipá, ni pé ẹni tí kò dá kò pàdánù nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ yóò jókòó sí kíláàsì, yóò ṣe ìdánwò, yóò gba èsì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní pe orúkọ rẹ̀ níbi àdúrà àárọ̀. Owó náà kò gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Tiyín náà kọ́, mà, bó ti wù kí wọ́n fọkàn tán yín tó. Ẹ ṣí àkáǹtì ní orúkọ kọmitì, kó má lè ṣeé ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo láti gba owó níbẹ̀. Ẹ já rìsíìtì fún gbogbo ẹni tó bá dá owó, kódà kó jẹ́ igba náírà. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ iye tó wọlé, iye tí ẹ ná àti ohun tí ẹ fi ṣe mọ́ ara pátákó níwájú ọ́fíìsì, níbi tí òbí tó wá mú ọmọ rẹ̀ yóò ti rí i. Mo gbà pé ohun tó ń pa kọmitì jù ni owó tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọ̀nà tó gbà lọ, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò jí i.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ilé-ìwé sọ pé ẹ kò ju awówó lọ, ó gé e kúrú. Lọ́dún 2005 ni ìgbìmọ̀ tó ga jù lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, níbi tí mínísítà àti àwọn kọmíṣánnà ìpínlẹ̀ ti ń jókòó, fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní SBMC, kí ará ìlú lè lẹ́nu nínú bí wọ́n ṣe ń darí ilé-ìwé. Ìdí nìyẹn tí kọmitì yìí fi gbòòrò ju PTA lọ. Òbí àti tíṣà nìkan ló wà nínú PTA. Nínú SBMC, aṣojú PTA wà níbẹ̀, aṣojú ọba tàbí baálẹ̀, ẹgbẹ́ obìnrin, àwọn ọ̀dọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn ẹlẹ́sìn, àwọn tó ti jáde ní ilé-ìwé náà, tíṣà, àti olórí àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ọ̀gá ilé-ìwé ni akọ̀wé yín. Kì í ṣe ọ̀gá yín, ẹ̀yin náà kì í sì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. SUBEB ló gbà á síṣẹ́, SUBEB náà ló ń jíhìn fún. Àmọ́ iṣẹ́ akọ̀wé ni kó gbé àkọsílẹ̀ wá sí ìpàdé: iye ọmọ tó wà nínú rẹ́jísítà, iye ìwé tí ìjọba kó wá, owó tó bá wọlé fún ilé-ìwé àti bí wọ́n ṣe ná an. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́ni, ìwé tí ọmọ yóò kà, máàkì tí tíṣà fún ọmọ, ẹ má dá sí i.

Iṣẹ́ yín tó tóbi jù ni ètò ìdàgbàsókè ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ kọmitì kì í ṣe é, tàbí kí ọ̀gá ilé-ìwé dá a kọ lóru ọjọ́ tí àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀. Ẹ jọ ṣe é. Ẹ yí ilé-ìwé po lápapọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn, bẹ́ǹṣì tó ṣì ṣeé jókòó sí, kí ẹ sì fi iye ọmọ tó jókòó ní kíláàsì lọ́jọ́ náà wé iye tó wà nínú rẹ́jísítà. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí níbi tó gbẹ̀yìn yẹn yóò bà yín nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọwọ́ lè tó láàárín ọdún kan, ẹ kọ ẹni tó máa ṣe é, iye tó máa ná yín àti ìgbà tó máa parí. Nígbà tí UBEC bá ń fi owó ìdàgbàsókè ránṣẹ́ sí àkáǹtì àwọn kọmitì, bó ti ṣe ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ètò yìí ni wọ́n máa ń béèrè.

Ẹ má ṣe é láìsí obìnrin àti ọmọ. Láti 2008 sí 2017 ni ètò kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náwó sí fi ran SBMC lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà, Kwara àti Èkó wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ tó wù mí jù ni kọmitì àwọn obìnrin àti ti àwọn ọmọ, tí wọ́n ń jókòó lọ́tọ̀ kí wọ́n tó mú ọ̀rọ̀ wọn wá sí ìpàdé ńlá. Ọmọbìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ kò ní dìde níwájú baálẹ̀ kó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn ló ń mú òun jókòó sílé. Yóò sọ fún ìyá kan ní kọ̀rọ̀.

Ẹ kò lè lé tíṣà, mà. Ẹ kò lè gbà á síṣẹ́, ẹ kò lè dá owó oṣù rẹ̀ dúró. SUBEB ló ń bá a wí, aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń dábàá fún SUBEB. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni láti mójú tó wíwá àti àìwá àwọn tíṣà, kí ẹ sì fi ẹ̀rí sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ọ̀gá ilé-ìwé fi ìwé tí àwọn tíṣà fi ń fọwọ́ sí i pé àwọn dé hàn yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí kò wá sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kíláàsì tí kò rí tíṣà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àti ọ̀gá ilé-ìwé pè é jókòó. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, torí àwọn tí mo rí kì í ṣe ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. Ọ̀nà jíjìn ni òmíràn ti ń wá, owó ọkọ̀ ti gbé owó oṣù rẹ̀ mì, yàrá kan tí ìlú bá bá a wá sì lè tán ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá yí padà, ẹ kọ ìwé sí E.S., ẹ fi àwọn ọjọ́ náà sí i, ẹ gba òǹtẹ̀. Ìwé tó ní “kì í wá síṣẹ́” lásán kì í dé ibi kankan. Èyí tó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú oṣù kan, tí ẹ kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó ṣòro láti tì sábẹ́ tábìlì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú òbí tí kò rán ọmọ wá. Òfin 2004 mú un ní dandan fún òbí, ó sì ní ìjìyà fún ẹni tó bá kọ̀: ìkìlọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan ní ìgbà kejì. Ilé ẹjọ́ ló ń dá a, kọmitì kò lè bu owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sílé wọn, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Bí kọngílá bá wá ṣiṣẹ́ òrùlé náà nígbẹ̀yìn, ẹ béèrè lọ́wọ́ SUBEB pé kí ni wọ́n ní kó ṣe, páànù wo ni wọ́n ní kó lò, ìgbà wo ló gbọ́dọ̀ parí. Káfíńtà tí ẹ pè níjọ́sí ni kí ẹ ní kó máa yà wò ó. Bí ohun tó ń kàn bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ náà, kó tó gba owó rẹ̀ tán.

Ó ku ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ ilé-ìwé kì í ṣe ti kọmitì, ẹ kò lè tà á, ẹ kò lè fi háyà, kódà bí gbogbo ìpàdé bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, ọ̀dọ̀ SUBEB àti àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ni kó lọ. Tí wọ́n bá tilẹ̀ ní kí ẹ sọ èrò yín, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé nílẹ̀ Yorùbá ni àwọn ènìyàn ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan lónìí, odi ilé kan lọ́dún tó ń bọ̀, títí tí àwọn ọmọ kò fi ní ibi tí wọ́n ti lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ béèrè ìwé ilẹ̀ ilé-ìwé náà tàbí àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ wo ibi tí òpó ààlà wà, kí ẹ sì fi ìgbèjà ilẹ̀ náà sínú ètò ìdàgbàsókè yín.

Ní ọ́fíìsì E.S. kan náà, ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń rí sí àjọṣe ilé-ìwé àti ará ìlú. Iṣẹ́ wọn ni láti dá SBMC lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gba ìwé ìtọ́sọ́nà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan wá jókòó nínú ìpàdé tí ẹ ó ti jíròrò ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn, torí ọ̀gá ilé-ìwé yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tó ti ìjọba ìbílẹ̀ wá ju lẹ́nu yín lọ.