Àgbékà Ìwé Tó Ń Ṣubú Sẹ́yìn

Ìbéèrè: Mo ń fi pátákó ṣe àgbékà ìwé, èyí tí èèyàn ń gbé ìwé tì láti kà á, tí mo fẹ́ fi ta ẹ̀gbọ́n mi lọ́rẹ. Bí ìwé ńlá bá ti wà lórí rẹ̀, ó ń ṣubú sẹ́yìn, ìṣó sì ti la etí igi náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àgbékà yín ló sún mọ́ iwájú jù. Bí pátákó tí ìwé ń fẹ̀yìn tì bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó gùn ní 21 mọ́ ọn pẹ̀lú hínjì, ní 20 sókè láti ìsàlẹ̀. Ẹ ya á títí àlàfo ìsàlẹ̀ yóò fi tó 19, kí ẹ wá fi okùn tí kì í fà so ó, kó má baà yà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé ìdí ẹsẹ̀ náà ní ìdagun, kó lè jókòó dáadáa.

Ní ti lílà, ìṣó kò yẹ iṣẹ́ yìí rárá. Súkúrù onímílímítà 4 ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi dírílì mílímítà 3 lu ihò, kó sì jìnnà sí etí igi ní sẹ̀ǹtímítà 2, ó kéré tán. Ẹ fi gúlù kún un níbi tí pèpéle tí ìwé ń jókòó lé ti pàdé pátákó, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù ń wọ̀.

Fáníìṣì gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kí ẹ tó gbé ìwé lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èèpo ìwé á lẹ̀ mọ́ ọn.