Kí Ló Kàn Wá Nínú Ọ̀rọ̀ Martin Luther King?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú làálàá ọmọ. Houston ni mo wà. Wọ́n kọ́ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, nípa Martin Luther King nílé-ìwé ní January. Ó délé, ó ní, "Mọ́mì, ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà nìyẹn, kí ló kan àwa Yorùbá?" Kí n tó lanu, bàbá rẹ̀ ti ní iṣẹ́ la bá wá, a ò bá ìjà wá. Ọ̀rọ̀ náà ò tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò sì rí èsì fọ̀. Kí lẹ máa ń sọ fún tiyín?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mo kí Dádì náà. Ọmọ mẹ́ta lèmi ń tọ́ ní Maryland, ìbéèrè yìí sì ti wọlé tèmi rí.

Ẹ kọ́kọ́ sọ bá a ṣe débí fún un. Kó tó di 1965, àwọn ará Yúróòpù ni òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà ṣílẹ̀kùn fún, ó há a mọ́ àwa. October 1965 ni Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin tó yí i padà, oṣù méjì péré lẹ́yìn òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn olùwọ́de tí ajá ọlọ́pàá bù jẹ ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lọ́dún 1963 wà lára àwọn tó la ọ̀nà tí fìsà wa gbà. King pàápàá ò kà wá sí àjèjì. Nígbà tí Azikiwe di Gómìnà Àgbà Nàìjíríà ní November 1960, King wà l'Ékòó níbi ayẹyẹ náà.

Àmọ́ Memphis lèmi máa ń pẹ́ lé jù, torí ọ̀rọ̀ "Mo ní àlá kan" tí King sọ ni ilé-ìwé máa ń sọ ṣáá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ló gbé e dé ibi tí wọ́n ti pa á. Ní February 1, 1968, òjò ń rọ̀, akódọ̀tí méjì, Echol Cole àti Robert Walker, sá sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí. Ẹ̀rọ tó ń fún ìdọ̀tí pọ̀ ṣàdédé gbéra, ó sì lọ̀ wọ́n pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ráhùn nípa àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn tipẹ́. Nǹkan bí 1,300 wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ àṣekára ni wọ́n ń ṣe, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba kí ọmọ tó rí jẹ. King lọ bá wọn, ó ní ìwà ọ̀daràn ni kí èèyàn máa gba owó ebi nílẹ̀ tó lówó tó báyìí. April 4 ni wọ́n yìnbọn pa á. Ní April 16, ìjọba ìlú tẹ́wọ́ gba ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà, wọ́n sì fi kún owó wọn.

Ẹ wá bi í pé, ta ló ń tọ́jú arúgbó nílé wọn lónìí? Àìmọye wa ni, èmi náà wà níbẹ̀. Òfin 1938 tó sọ iye tí òṣìṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ gbà sísàlẹ̀ rẹ̀, tó sì fi àfikún sí owó wákàtí tó bá lé, yọ ọmọ-ọ̀dọ̀ àti alágbàṣe oko sílẹ̀, iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Ọdún 2013 ni ìjọba tó gbé ìlànà tó kó ọ̀pọ̀ àwa olùtọ́jú arúgbó mọ́ ọn jáde. Ní 2025, wọ́n tún dábàá pé kí wọ́n yí i padà. Mo fi ìwé owó iṣẹ́ mi han àkọ́bí mi: wákàtí tó bá ti lé ní 40, owó rẹ̀ á di ìlọ́po kan àtààbọ̀. Ó ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Wọ́n lè gba èyí lọ́wọ́ yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Dádì wọn, ẹ má bínú sí mi o. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ní a bá wá yẹn gan-an ni King kú lé lórí.

Bí wọ́n bá gba ìsinmi, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí Memphis. Wọ́n ti sọ òtẹ́ẹ̀lì Lorraine tí wọ́n ti pa á di mùsíọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ àwọn akódọ̀tí náà sì wà níbẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ bá yín lọ.