Ọdún sàká mi: ti oòrùn ni, àbí ti òṣùpá?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùmù, Alfa. Ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2009 ni owó tí mo fi pamọ́ kọ́kọ́ tó èyí tí wọ́n ń yọ sàká lórí rẹ̀, kò sì tíì já wálẹ̀ láti ìgbà náà. Ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ ni mo sì máa ń yọ ọ́ lọ́dọọdún, torí ọjọ́ náà kò ṣeé gbàgbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ti 2025. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé mo ti jẹ gbèsè ọdún bíi mélòó kan, pé kàlẹ́ńdà àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni mo ń tẹ̀ lé. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló tiẹ̀ dé tí a kò fi oṣù kan kún ọdún tiwa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwẹ̀ lè dúró sójú kan?

Ìdáhùn: Wà àlékùmù sàlámù wàráhùmátúláì, arákùnrin mi. Ọ̀rẹ́ yín rí nǹkan kan, àmọ́ ó sọ ọ́ kọjá bó ṣe rí. Ẹ kò tíì jẹ gbèsè sàká ọdún kan gbáko. Pípẹ́ lẹ ń pẹ́, pípẹ́ náà sì ń gùn sí i lọ́dọọdún.

Láti ìgbà tí oṣù bá lé títí òmíràn yóò fi lé, ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44 ni. Níwọ̀n ìgbà tí a kò lè la ọjọ́ sí méjì, oṣù kan á pé 29, òmíràn á pé 30. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe rẹ̀ fún àwọn sàábé: ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta ó ká àtàǹpàkò kan mọ́lẹ̀. 29 nìyẹn. Ó tún na gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mẹta láìká ọ̀kankan. 30 nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá á lóye ẹ̀.

Méjìlá irú oṣù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 354 ó lé díẹ̀. Ọdún oòrùn ní tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 365 àti wákàtí mẹ́fà ó dín bí ìṣẹ́jú 11, ìyẹn àsìkò tí ayé fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Oṣù inú kàlẹ́ńdà oòrùn kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú òṣùpá mọ́. Èèyàn ló pín in sí 31, 30 àti 28, èèyàn náà ló ń fi ọjọ́ kan kún Èrèlé ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin kí wákàtí tó ṣẹ́ kù má baà kó jọ.

Ìyàtọ̀ ọdún méjèèjì súnmọ́ ọjọ́ 11. Ẹ jẹ́ ká wá gbé e lé ọ̀rọ̀ tiyín. Ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ 2009 bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 4 oṣù Mùhárámù, oṣù àkọ́kọ́ nínú ọdún òṣùpá, ní ọdún 1430 Híjírà, ìyẹn òǹkà ọdún àwa Mùsùlùmí. Ọdún òṣùpá 16 pé lórí owó yín ní ìbẹ̀rẹ̀ Mùhárámù 1446, èyí tó bọ́ sí oṣù Agẹmọ 2024. Ẹ wá yọ sàká kẹrìndínlógún yín ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ 2025. Ràjàbù ti wọlé lọ́jọ́ náà, Ràjàbù sì ni oṣù keje. Ẹ rí i pé iye sàká pé, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àwọn aláìní ti wà lọ́wọ́ yín fún bí oṣù mẹ́fà kó tó dé ọwọ́ wọn. Tí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, ọdún oòrùn 32 máa ń gba ọdún òṣùpá 33. Ibẹ̀ ni sàká kan odindi á ti sọnù, tí ẹ ò sì ní mọ̀.

Ọdún òṣùpá ni ẹ̀sìn ń kà. Nínú Kùránì, Súrà Bàkárà, āyà (ẹsẹ) 189, wọ́n bi Ànábì léèrè nípa àwọn oṣù tó ń lé, ìdáhùn sì ni pé òǹkà àsìkò ni wọ́n jẹ́ fún èèyàn àti fún Háájì. Súrà Tawba, āyà 36, sọ pé oṣù méjìlá ni oṣù lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ọlọ́wọ̀. Bákan náà ni oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó ń lò, àti oṣù méjì tí ẹlòmíràn máa ń gba àwẹ̀ ìtánràn. Àwọn onímọ̀ tó sọ pé ọmọ tí kò tíì rí àmì bàlágà máa bàlágà ní ọdún 15, ọdún òṣùpá ni wọ́n ń sọ. Ní kàlẹ́ńdà oòrùn, ọmọ náà kò tíì ju ọdún 14 àti bí oṣù mẹ́fà ààbọ̀ lọ, àwọn òbí kan á sì máa sọ pé ìrun kò tíì di dandan fún un.

Ṣùgbọ́n èyí kò sọ kàlẹ́ńdà oòrùn di èèwọ̀. Ta ló ni oòrùn? Súrà Yúnúsù, āyà 5, dárúkọ oòrùn àti òṣùpá pọ̀. Ìrun márààrún tí à ń kí, oòrùn la fi ń mọ àsìkò wọn. Ẹni tó bá ní kí Mùsùlùmí má wo oòrùn, kó wá sọ bó ṣe máa mọ ìgbà tí Àìlà, ìrun ọ̀sán, wọlé. Sàká irè oko pàápàá kì í dúró de ọdún òṣùpá, ọjọ́ tí a bá kórè ni. Ẹ lè fi kàlẹ́ńdà oòrùn gba owó oṣù, kí ẹ fi wọ ọkọ̀ òfúrufú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oṣù kan tí ẹ ní ká fi kún un. Àwọn Júù ń ṣe é: ẹ̀ẹ̀meje láàárín ọdún 19 ni wọ́n ń fi oṣù kan kún ọdún wọn kí ọdún náà lè bá ìgbà mu. Àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan náà ń tì oṣù ọlọ́wọ̀ síbòmíràn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jagun nínú rẹ̀. Súrà Tawba, āyà 37, pe ìyẹn ní àlékún àìgbàgbọ́. Nínú Háájì ìdágbére, ní ọdún 10 Híjírà, Ànábì kéde pé àsìkò ti yí padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí Ọlọ́hun dá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Rámádánì ń rìn. Èmi gbà pé àánú wà nínú ìrìn náà. Ká ní ó dúró sójú kan ni, àwọn kan ì bá máa gba àwẹ̀ ọjọ́ gígùn nínú ooru títí ayé, àwọn mìíràn ì bá sì máa gba ti ọjọ́ kúkúrú. Ọdún 2030, bí ìṣirò ṣe fi hàn, Rámádánì á wọlé nígbà méjì nínú ọdún oòrùn kan ṣoṣo, ní Ṣẹẹrẹ àti ní ìparí Ọ̀pẹ.

Ẹ tún wo Súrà Kafì, āyà 25, lórí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó sùn sínú ihò àpáta: ọdún 300, wọ́n sì fi mẹ́sàn-án kún un. Ibn Kathir, onímọ̀ tó kọ ìtumọ̀ Kùránì, ṣàlàyé pé 300 oòrùn ni 309 òṣùpá, torí ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló ń yàtọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ ṣe é fúnra yín.

Ọ̀sẹ̀ nìkan ni kò tẹ̀ lé oòrùn tàbí òṣùpá. Ọjọ́ méje ni, ó sì ń yí lọ. Nígbà tí Póòpù Gregory Kẹtàlá tún kàlẹ́ńdà oòrùn ṣe ní 1582, wọ́n yọ ọjọ́ mẹ́wàá kúrò: àwọn èèyàn sùn ní Àlàmísì, ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n jí ní ọjọ́ 15. Jímọ̀ ni wọ́n sì jí sí. Wọ́n yí òǹkà ọjọ́ padà, wọn ò fọwọ́ kan ọ̀sẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò le. Ẹ tọrọ àforíjìn lórí pípẹ́ tó ti kọjá, àìmọ̀ ni. Ọdún kẹtàdínlógún á pé ní nǹkan bí ọjọ́ 4 Mùhárámù 1447, ìyẹn ìparí oṣù Òkúdù 2025. Ẹ má dúró de Ṣẹẹrẹ. Ọjọ́ kan lè yẹ̀ sí i, bí oṣù bá ṣe lé níbi tí ẹ wà. Tó bá jẹ́ pé Ṣẹẹrẹ ni ìṣirò owó yín máa ń já geere, ẹ lè yọ ọ́ ní Ṣẹẹrẹ tó ṣáájú Mùhárámù, torí Abbas, arákùnrin bàbá Ànábì, tọrọ àyè láti yọ sàká tirẹ̀ kí àsìkò tó tó, Ànábì sì gbà fún un. Tí Mùhárámù bá dé, ẹ tún owó náà kà, kí ẹ sì yọ ìdá kan nínú ogójì lórí èyí tó bá lé.