Ṣé Kí N Ra Táyà Slick Àlòkù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mo wà, ọkọ̀ Porsche Cayman ni mo sì ń wà ní pápá eré ìje Brands Hatch. Mo rí slick àlòkù, táyà eré ìje tí kò ní ilà lára, tó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Slick tó ti gbóná, tó tutù, tó tún gbóná léraléra máa ń le. Rọ́bà lè ṣì nípọn lára rẹ̀, síbẹ̀ kò ní di ilẹ̀ mú mọ́. Ẹ tẹ èékánná mọ́ ọn: bí kò bá rì rárá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ pẹ̀lú. 27/65-18 lára Michelin, fífẹ̀ 27 sẹ̀ǹtímítà ni, gíga gbogbo táyà 65 sẹ̀ǹtímítà, ríìmù 18 ínṣì.

Ibi afẹ́fẹ́ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 21 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) ní tútù. Lẹ́yìn ìyípo mẹ́rin, ẹ wọlé, ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbóná, ẹ dín in kù sí iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ. Bí àárín ojú táyà bá gbóná ju etí rẹ̀ méjèèjì lọ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀jù. Bí etí méjèèjì bá ju àárín lọ, ó kéré. Etí inú tó gbóná díẹ̀ ju ti ìta lọ kì í ṣe àléébù, camber, ìyẹn bí orí táyà ṣe dagun sínú, ló fà á.

Bí òjò bá ṣú, ẹ bọ́ ọ kíá. Omi kò ní ibi tó máa gbà jáde lábẹ́ rẹ̀. Òfin Britain kò sì gbà á lójú títì, ẹ yáa di táyà mìíràn dání.