Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí mi ò bá sí nílé, iṣẹ́ ń dúró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Táàmù kejì mi nìyí gẹ́gẹ́ bíi pírínsípà ní ilé-ìwé girama kan nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn olùkọ́ mi ń bọ̀wọ̀ fún mi, nóòtì wọn sì ń wọlé lásìkò. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá ohunkóhun dáwọ́ lé. Bí mo bá lọ sípàdé n'Íbàdàn, gbogbo nǹkan á dúró dè mí. Níbi ìpàdé olùkọ́, èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ọ̀gá, tí ẹ kọ́kọ́ bèèrè kí ẹ tó há kúẹ́rì fún wọn. Ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ ń rí yẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan, ìbẹ̀rù àṣìṣe wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún 1939, Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà sọ ohun tí wọ́n rí láàárín àwọn ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10 tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Níbi tí olórí ti ń pàṣẹ gbogbo nǹkan, bó bá ti jáde báyìí, ọwọ́ àwọn ọmọ á dẹ̀. Níbi tí wọ́n ti jọ ń pinnu, iṣẹ́ ń lọ bí olórí ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yín s'Íbàdàn gan-an nìyẹn.

Èmi náà ti ṣe bíi olórí tó ń pàṣẹ gbogbo nǹkan yẹn rí. Olùkọ́ Kẹ́mísìrì kan ń fi titration (kíkán ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú álíkálì títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà) han àwọn ọmọ SS2, ásíìdì wá pọ̀ jù, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n kọjá ibi tó yẹ. Kò sí ohun tó bàjẹ́, torí ìdánwò àkọ́kọ́ kì í sí lára èyí tí a fi ń ṣírò èsì. Mo gba burette, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ásíìdì ti ń kán, lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ, mo ní, "Ẹ jẹ́ n ṣe é fún wọn." Mo ṣe é dáadáa. Títí táàmù yẹn fi parí, ojú pátákó ni olùkọ́ náà ti ń ya burette. Kò kó wọn wọ láàbù mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo ka àlàyé Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1977: ohun tó ń fi ọkàn èèyàn balẹ̀ jù lórí iṣẹ́ ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó yọrí. Rírí ẹlẹgbẹ́ ẹni tó ṣe é náà ń ranni lọ́wọ́. Ìyìn ẹnu lásán kò tó méjèèjì.

Nítorí náà, kí ẹ tó tún rìnrìn àjò, ẹ gbé tàìmùtébù ìdánwò lé olùkọ́ kan lọ́wọ́ pátápátá, kí ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ohun tó bá ṣe la ó lò. Bí ẹ bá dé, ẹ má tún un ṣe torí pé ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Bí ẹ bá wọ kíláàsì olùkọ́ kan, ẹ jókòó lẹ́yìn. Ọ́fíìsì ni kí ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, lórí ohun kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń tiraka, kíláàsì ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ní kó lọ wò, kì í ṣe tiyín.

Mi ò ní kí ẹ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ o. Kọ́pà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí yóò ṣe fún òun ní pàtó, àṣẹ sì ni ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ WAEC. Bí òbí kan bá sì wá ń jágbe mọ́ olùkọ́, ẹ jáde síta, kí ẹ dúró tì í.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kí ẹ dákẹ́. Wọ́n á wo ojú ara wọn, yóò pẹ́. Ẹ má bá wọn dáhùn.