Ọwọ́ òǹlò ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè bí ẹ ṣe lè tètè mọ̀ bóyá dísáìnì áàpù yín á yé àwọn tó máa lò ó, nígbà tí kò sí owó ìwádìí, tí ọjọ́ ìgbéjáde sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹ nìyí, inú àìsówó yẹn náà ni mo ti kọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Bébà, bírò, fóònù kan àti wákàtí díẹ̀ ti tó.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé "Ṣé ó dára?" Ta ló máa wo ojú yín kó ní kò dára? Iṣẹ́ ni kí ẹ gbé lé wọn lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ áàpù ilé ìwòsàn, ẹ ní: "Ara ọmọ yín ò yá, ẹ fẹ́ kí dókítà rí i lọ́la. Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ṣe é tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé." Ẹ wá ní kí wọ́n máa sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn síta bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Láti 1982 ni olùwádìí kan, Clayton Lewis, ti kọ nípa ọgbọ́n yìí ní IBM, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, títí dòní n kò tíì rí èyí tó rọrùn tó o tó sì ń tú àṣírí tó o.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dákẹ́. Ibẹ̀ ló le jù.

Mo jókòó ti obìnrin kan tó ń gbìyànjú irú áàpù bẹ́ẹ̀ wò. Ó kọ orúkọ, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó wá rọra gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, ó káwọ́ gbera. Ó ń wo fóònù, èmi ń wò ó. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Nẹ́tíwọ̀kì yín yìí ò mà yára o." Nẹ́tíwọ̀kì ò ṣe nǹkan kan. Kíbọọ̀dù tó ṣí sílẹ̀ ló bo bọ́tìnì tó yẹ kó tẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé bọ́tìnì kankan wà níbẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn tó ṣe áàpù náà ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, kíbọọ̀dù kì í sì í yọ sójú ìyẹn. Nígbà tí mo wá bi í bó ṣe rí sí i, ó ní ó dára gan-an, pé àwọ̀ rẹ̀ wu òun.

Tí wọ́n bá bi yín pé "Ṣé ibí ni kí n tẹ̀?", ẹ dá ìbéèrè padà fún wọn: "Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́?" Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ní ti iye èèyàn, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ní 1993, àwọn olùwádìí méjì, Jakob Nielsen àti Thomas Landauer, ṣírò rẹ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo máa ń tú nǹkan bí ìdá 31 nínú 100 àwọn ìṣòro síta, nítorí náà ẹni 5 á tú nǹkan bí ìdá 85. Ní 2000, Nielsen tún ní tí agbára yín bá gbé ẹni 15, ẹ pín wọn sọ́nà mẹ́ta, kí ẹ máa ṣàtúnṣe láàárín. Mo gbà á lọ́gá. Kódà tí ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ bá kọsẹ̀ síbì kan náà, mo máa ń dáwọ́ dúró kí n tún un ṣe, torí kí ni ẹnì kẹrin tún máa sọ fún mi? Àmọ́ ibi tí wàhálà wà ni ẹni márùn-ún lè fi hàn yín. Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye èèyàn tó máa parí fọ́ọ̀mù nínú ọgọ́rùn-ún, wọn ò tó. Bí aláìsàn àti nọ́ọ̀sì bá sì jọ máa lo áàpù kan náà, ẹ wá àwọn aláìsàn lọ́tọ̀, kí ẹ sì wá àwọn nọ́ọ̀sì lọ́tọ̀.

Tí ẹ ò bá tíì kọ kóòdù kankan, ó tún dára jù. Ẹ ya ojú áàpù kọ̀ọ̀kan sórí bébà, kí òǹlò máa fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa pààrọ̀ bébà fún un. Ẹnu àwọn èèyàn máa ń tú sílẹ̀ níwájú àwòrán tí wọ́n fi bírò yà. Èyí tó ń dán gbinrin ni wọ́n máa ń ṣàánú, wọ́n á rò pé iṣẹ́ ti parí.

Fún àwọn tó wà lọ́nà jíjìn, ẹ fi àwòrán ojú áàpù kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ ní kí wọ́n fi òbìrí yí ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ̀ ká, kí wọ́n dá a padà. Ti ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ fi hàn wọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ gbé e kúrò, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́wàá tí John Brooke ṣe ní 1986, tí wọ́n ń pè ní SUS (System Usability Scale), tí òǹlò máa fi sọ bí nǹkan ṣe rọrùn láti lò tó, wúlò tí ọ̀gá yín bá ń béèrè máàkì. Láti 0 dé 100 ni máàkì rẹ̀, 68 ni wọ́n sì ń kà sí àárín. Ó máa sọ fún yín pé nǹkan ń dunni, kò ní sọ ibi tó ti ń dunni.

Ẹ má lo ará ibi iṣẹ́ yín, wọ́n ti mọ ọ̀nà. Àwọn oníbàárà tó ti pè láti ṣàròyé ni kí ẹ kọ́kọ́ pè padà. Inú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan dá wọn lóhùn.

Tí ẹ bá ti kọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbé lé wọn lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Tí ọ̀rọ̀ tó wà lórí bọ́tìnì bá ti wà nínú rẹ̀, ẹ ti sọ ìdáhùn fún wọn nìyẹn, màá bá yín yí i padà.